Epo Tí Kò Ní Sùúrù

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Sí Alálàyé, ọmọ mi,

Ara mi le, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń ṣe bí àlejò lára mi. Mo nírètí pé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di igi gbígbẹ. Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn kò kún ojú ìwé kan, mo kà á tán kí n tó jókòó dáadáa. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí èèyàn bá bi ọ́ pé aago mélòó ló lù, wàá kọ́kọ́ ṣàlàyé bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Alálàyé. Ní báyìí tí wọ́n ń sanwó fún ọ kí o lè máa yẹ epo wò fún àwọn elépo, ṣé baba rẹ wá ni àlàyé wọ́n fún?

Ọ̀rọ̀ epo gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bí a bá ń gun òkè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi, a máa ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí èèyàn kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó ń mì ín. Mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ṣì ń kan. Ó wá ní ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Ẹni tó yẹ kí n bi léèrè níbí ni mò ń fura sí. Àbúrò mi ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ wọn ti kógbá wọlé ló ti wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun ló sì ń wa ọkọ̀ náà fún mi. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń lọ ra epo. Á rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, á sì gbé ọkọ̀ wálé. Mo rò ó títí. Epo tó bá sùn mọ́jú nínú táǹkì, olè ló ni ín. Mo gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń bá a lọ sílé epo báyìí, lítà márùn-ún tó tó ìrìn wa ni mò ń rà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà gan-an ni kíkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà rò ó wò. Mo gba epo lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ aláṣọ ni mo dúró sí, tí mò ń tú àpò àwọn òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó lọ sílé. Mo mọ ojú ẹni tó gbé nǹkan.

Má pe fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orí tábìlì pálọ̀ ló wà, etí mi sì ti di, gbogbo ohun tí o bá sọ fún mi ni ilé máa gbọ́. Lẹ́tà ni kí o kọ. Èmi fúnra mi ni mò ń lọ gbà á.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ ilé epo: 91, 95, 98. Èwo ni ọkọ̀ yìí ń mu? Àbúrò mi ní 95. Ó yá a lẹ́nu jù.

Èmi ni, baba rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí ẹsẹ̀ ọ̀tún náà lọ́tọ̀. Ẹ má bínú sí lẹ́tà kúkúrú yẹn. Èyí máa gùn, ẹ wá àga tó dára jókòó sí.

Nínú ẹ́ńjìnnì, epo àti afẹ́fẹ́ máa ń pàdé nínú kòtò kékeré kan. Irin kan á gòkè wá láti ìsàlẹ̀, á fún wọn mọ́ra gidigidi. Ohun tí a bá fún mọ́ra bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná. Ẹ rántí páǹpù tí ẹ fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, bí ìdí rẹ̀ ṣe máa ń jó yín lọ́wọ́. Epo gbọ́dọ̀ fara da ooru yẹn, kó dúró jẹ́ẹ́, títí púlọ́ọ̀gì á fi ṣáná sí i. Bó bá dúró, iná á rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ẹnu púlọ́ọ̀gì dé ògiri, á sì ti irin náà sísàlẹ̀. Bí kò bá lè dúró, apá kan nínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Iná méjì á wá pàdé nínú yàrá kan. Ìró ìpàdé wọn ni òkúta inú agolo tí ẹ ń gbọ́.

Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ìwọ̀n agbára epo, kì í sì í ṣe ìwọ̀n bó ṣe mọ́ tó. Ìwọ̀n sùúrù rẹ̀ ni. 91 ní sùúrù díẹ̀, ti 95 jù ú lọ, ti 98 ju gbogbo wọn lọ. Ẹ́ńjìnnì tí kì í fún epo mọ́ra púpọ̀, 91 ti tó o. Ẹni tó bá ra 98 fún un dà bí ẹni tó ṣí agboòrùn nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiyín ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, nítorí náà fífún tirẹ̀ le. 95 ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ ń ṣí kí wọ́n tó da epo sí i. Ẹ lọ wò ó. Kò yá Bàbá Kékeré lẹ́nu, ó kà á ni.

Ìdí mìíràn lè wà tí ọkọ̀ fi ń kan, ẹ́ńjìnnì tó gbóná jù tàbí tó dọ̀tí nínú, ṣùgbọ́n epo ni ká kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ epo ni, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú táǹkì kì í ṣe 95, tàbí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni 95.

Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré. Mo ṣì ń rántí bó ṣe máa ń gbé mi lọ sílé ìwé lórí kẹ̀kẹ́, tó máa ń di aṣọ mọ́ irin ibi tí mò ń jókòó kó má baà gún mi.

Alálàyé yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Alálàyé mi,

O ṣeun. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kíní fún ìgbádùn, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni ń tú àpò. Gọ́ọ̀mù ẹnu àpò lẹ́tà náà rọ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ti ṣí i wò. Mi ò tíì mọ ẹni tí màá fi ìyẹn sùn.

O ti bá mi mú olè. Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn rẹ: ohun tó wà nínú táǹkì kì í ṣe 95. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ 95 lára ẹ̀rọ, níṣojú mi sì ni ọmọbìnrin tó ń ta epo ṣe ń dà á. Bó bá jẹ́ 95 ló wọlé, tí kì í sì í ṣe 95 ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ló ń fà á jáde tó ń fi 91 rọ́pò rẹ̀. Yàrá ta ló kọjú sí ọkọ̀?

Mo wọ yàrá rẹ̀ nígbà tó lọ gé irun. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo ti rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ká a bí ejò, ó fi kọ́ ìṣó. Mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn epo rárá. Ọṣẹ ló ń rùn. Ìyẹn ló wá jẹ́ kó dá mi lójú, torí ta ló ń fọ rọ́bà, bí kì í ṣe ẹni tó ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́?

Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Lítà mẹ́ta ni mò ń rà lẹ́ẹ̀kan báyìí, kí olè má rí nǹkan fà. Kọ́kọ́rọ́ ìdérí táǹkì wà lápò mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó tẹ́lẹ̀ kí n lè na ẹsẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n iwájú ni mo wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń wo abẹ́rẹ́ géèjì epo. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní mò ń wo ọ̀nà.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Mo dín epo kù, kíkan ń pọ̀ sí i. Kódà kò dúró dìgbà tí a bá dé òkè mọ́. Ọgbọ́n ọkùnrin yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti sọ fún un pé kó wá ibòmíràn lọ ní ìparí oṣù. Mi ò sọ ìdí fún un. Ẹni tó ṣe nǹkan mọ ohun tó ṣe.

Òun náà ò béèrè ìdí. Ìyẹn gan-an fu mí lára.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Kékeré kúrò nílé. Mo ti pe fóònù pálọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má pè é. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo kọ̀wé sí yín nípa epo, ẹ sì fi dá èèyàn lẹ́jọ́. Gbólóhùn tí ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ tọ̀nà, èmi ni mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìdajì kejì, "tàbí kì í ṣe gbogbo rẹ̀", ẹ ò sì fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó wẹ́wẹ́. Níbi iṣẹ́ wa, bí nǹkan bá yí padà, a kì í kọ́kọ́ béèrè pé ta ni. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé kí ló tún yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Kékeré ń rọ epo kún táǹkì, ọkọ̀ dákẹ́. Nígbà tí ẹ ń ra lítà márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Nígbà tó di mẹ́ta, ó burú sí i. Ìwọ̀n epo tí ẹ ń rà ni kíkan yìí ń tẹ̀ lé. Àti pé, Bàbá mi, olè wo ló máa fa 95 jáde tán, tó máa tún ná owó ara rẹ̀ ra 91 dà padà? Olè bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká bá a dúpẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ lọ wò fún mi. Ní ilé epo yẹn, nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ sọ, ṣé rọ́bà mẹ́ta ló ń gbé wọn jáde tàbí rọ́bà kan? Mi ò ní sọ ìdí tí mo fi béèrè, torí bí mo bá sọ ọ́, ohun tí mo bá sọ ni ojú yín máa rí. Ẹ kàn lọ wò ó, kí ẹ kọ ọ́ sí mi.

Mi ò sì ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, èmi náà fura díẹ̀. Kí ló ń fi rọ́bà ṣe? Ẹ bi í. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ kó tó lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Alálàyé,

Lẹ́tà rẹ kò tíì dé, bóyá wọ́n ṣì ń kà á lójú ọ̀nà.

Àbúrò mi ti lọ. Kò jẹ́ kí ìparí oṣù pé. Ó gbé àpò rẹ̀ wá sí pálọ̀, ó gbé e lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú u wò."

Mo tú u wò. Ṣẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìfárùngbọ̀n, bàtà kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ya. Mi ò rí nǹkan kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó pa á dé, ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó jáde. Rọ́bà yẹn ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e, màá rí i.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà báyìí. Ẹsẹ̀ yìí kò fẹ́ tẹ búréèkì dáadáa. Omi tí mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láràárọ̀, tí àbúrò mi máa ń bù sílẹ̀ kí n tó jí, mi ò rí i ṣe láti ọjọ́ tó ti lọ, torí àgbá omi ẹ̀yìn ilé ga, mi ò lè tẹ̀ bu nǹkan nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì ń kan. Bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àdágbé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ka lẹ́tà yín, lórí ìdúró, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò ní bá yín jà nínú ìwé. Ọ̀nà jìn, ìbínú á ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Olè ti lọ, olè jíjà ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ṣọ́ géètì, bí òṣìṣẹ́ kan bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ọjà ṣì ń dín, ṣé òun náà ni ẹ ó ṣì máa lépa?

Ó dà bíi pé lẹ́tà wa kọjá ara wọn, ẹ ò dáhùn ìbéèrè mi. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà kan ló ń gbé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, epo tí ẹni tó ṣíwájú yín rà kì í tán nínú rẹ̀. Ó máa ń kù síbẹ̀, bí omi ṣe ń kù nínú rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Bí ẹ bá tẹ 95, èyí tó kù níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ táǹkì yín. Ó lè tó lítà kan, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Fún ẹni tó ń rọ epo kún táǹkì, ẹ̀kán omi nínú àgbá ni. Fún ẹni tó ń ra lítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta ni, ẹ sì ń rà á bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í yẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rọ́bà wò, ńṣe là ń dà á sọ́tọ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé kò sọ sí mi lọ́kàn láti sọ ọ́ fún yín. Mi ò tún mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé yìí tó ń ra epo mọ́tò bí ẹni ń ra oògùn ikọ́.

Ẹ lọ rọ epo kún táǹkì lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ gun òkè ilé ìwòsàn, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Bó bá ṣì ń kan, ẹ̀yin lẹ jàre, mi ò ní dárúkọ Bàbá Kékeré sí yín mọ́. Bí kò bá kan, ẹ mọ ibi tó yẹ kí ọkọ̀ náà yà sí.

Mò ń retí yín.

Alálàyé.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Má bi mí pé kí ló dé tí mo fi pẹ́. Mò ń yẹ nǹkan wò ni.

Mo kọ́kọ́ lọ dúró sí òdìkejì títì, mò ń ṣọ́ ilé epo yẹn bí mo ṣe máa ń ṣọ́ géètì. Rọ́bà kan ni. Àwọn alálùpùpù ni wọ́n ń tò síbẹ̀ láti òwúrọ̀, 91 ni gbogbo wọn ń rà, ọ̀kan ò tíì lọ tán tí èkejì á ti na ọwọ́. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń dé pẹ̀lú lítà mẹ́ta mi. Mo gbọ́ níbẹ̀ náà pé Bàbá Lítà Mẹ́ta ni wọ́n ń pè mí.

Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ta epo pé kó rọ epo kún un. Ó wò mí, ó tún wo nọ́ńbà ọkọ̀, bí ẹni pé mo jí i gbé. Mo gun òkè ilé ìwòsàn, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún un gùn. Mo yí gíláàsì sílẹ̀ kí etí mi lè gbọ́ dáadáa. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi afẹ́fẹ́. Mo wá ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ, mo ní kó bá mi tẹ́tí sí i. Ó ní kí ni kí òun gbọ́? Mo ní kó máa lọ.

Nígbà tí mo délé, mo mú rọ́bà orí ìṣó yẹn. Mo gbé e dé ìdí ọkọ̀, kò tó o. Bí orí kan bá kan ilẹ̀, orí kejì kàn dé ojú táǹkì ni, kò lè wọ inú rẹ̀ débi tí epo wà. Mo gbé e lọ sí ìdí àgbá omi. Mo ki orí kan bọ omi, mo fa orí kejì, ọṣẹ kan mí lẹ́nu. Ó gùn dé ibi tí báàfù ẹsẹ̀ mi máa ń wà láràárọ̀ géérégé, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n gé. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń ṣàn sínú báàfù. Mo jẹ́ kó kún.

Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà ló ń sùn, mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kejì tó ti kúrò. Mo wà á dé ibẹ̀, mi ò pa ẹ́ńjìnnì, mo fun fèrè. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Kò kí mi. Ó kọ́kọ́ dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ etí sílẹ̀.

Ó ní: "Ta ló rọ epo kún un?"

Mo ní èmi ni. Mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí, kó wá fi ọkọ̀ gbé mi délé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Màá gbé yín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí ẹ máa jókòó."

Mo ní ẹ̀yìn kẹ̀? Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dì í mú, ó ń dúró. Mo wọlé. Ó lọ gbé àpò rẹ̀ wá, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ó ti padà sí yàrá ẹ̀yìn. Òun ló ń lọ ra epo, kọ́kọ́rọ́ ìdérí táǹkì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì tún wá lánàá, ó ní kíkan tó bá dákẹ́ lójijì ló léwu jù, ó ṣì yẹ ká tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Òun ni mò ń ṣọ́ báyìí.

Láti ẹ̀yìn tí mo wà yìí, mi ò rí abẹ́rẹ́ géèjì mọ́. Ẹ̀yìn orí àbúrò mi ni mò ń wò láti ilé dé ilé ìwòsàn. Ó ti hu ewú púpọ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀.

Baba rẹ.